Akọ̀wé Tó Di Akawu: Ìtàn Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Lẹ́nu Ọmọ Sabon Gari

Ní Kánò, "akawu" ni àwọn Haúsá ń pe òṣìṣẹ́ tó jókòó ti ìwé ní ọ́fíìsì. Etí Yorùbá kì í pẹ́ dá ọ̀rọ̀ náà mọ̀: akọ̀wé ni. Ọ̀dọ̀ àwọn ará Gúúsù ni Haúsá ti yá a, àwọn tí lẹ́ẹ̀dì wà létí wọn, tí ìwé ẹrù wà lábíyá wọn. Iṣẹ́ tó bá ti ọwọ́ àlejò wọ ìlú, orúkọ iṣẹ́ náà a máa bá àlejò wọlé.

Ohun tó sọ àwọn àlejò yìí di akọ̀wé ni Gẹ̀ẹ́sì tó wà lórí wọn. Lónìí, òbí tó bá mú ọmọ lọ sí ilé ìwé ní Kánò, ìbéèrè kan ló máa ń kọ́kọ́ bi tíṣà: báwo ni ọmọ mi ṣe máa mọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì púpọ̀? Ìbéèrè náà ti pé ọgọ́rùn-ún ọdún ní Sabon Gari. Àwọn tó kọ́kọ́ bi í rí ìdáhùn tó dára sí i nígbà kan, wọ́n tún sọ ọ́ nù nígbà mìíràn.

Sabon Gari túmọ̀ sí ìlú tuntun. Yorùbá tó bá ti gbé Ìbàdàn mọ Sábó, àdúgbò tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn Haúsá lọ́dún 1916. Orúkọ kan náà ni, àmọ́ ní Kánò àwọn Yorùbá ni àlejò. Rélùwéè dé Kánò ní 1911, ìjọba òyìnbó sì pín ilẹ̀ lẹ́yìn odi ìlú fún àwọn ará Gúúsù tó ń wọlé: Yorùbá, Ígbò, àti àwọn mìíràn láti etíkun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Wọ́n la òpópónà rẹ̀ gbọọrọ bí ilà inú ìwé ìṣirò, orúkọ àwọn òpópónà náà sì ń ròyìn àwọn tó ń gbé ibẹ̀ àtàwọn tó ń ṣàkóso wọn: Yoruba Road, Ibo Road, Church Road, Emir Road, France Road.

Yorùbá ti wà ní Kánò ṣáájú èyí o. Ayagi, tó wà nínú odi, ti jẹ́ àdúgbò àwọn oníṣòwò Yorùbá tipẹ́tipẹ́, mùsùlùmí tó ti bá ìlú mọ́ra débi pé Haúsá ti di èdè ẹnu ọ̀pọ̀ nínú wọn. Aṣọ, obì àti owó ló mú wọn wá. Ti àwọn tó wọ ọkọ̀ rélùwéè yàtọ̀, nítorí Gẹ̀ẹ́sì wà lára ọjà tí wọ́n gbé wá tà.

Kí ló dé tí Gẹ̀ẹ́sì fi ṣọ̀wọ́n ní Kánò débi pé ènìyàn lè fi í jẹun? Ìdí rẹ̀ kò farasin. Lọ́dún 1900, Bíṣọ́ọ̀bù Tugwell ti Èkó kó àwọn míṣọ́nnárì Áńgílíkà ti CMS jọ, Dókítà Walter Miller wà lára wọn, wọ́n fi ẹsẹ̀ gba ilẹ̀ Yorùbá kọjá títí wọ́n fi dé Kánò. Ẹ́míà Aliyu kò gbà wọ́n; ó ní kí wọ́n máa padà. Ọdún kẹta sí i, ní 1903, àwọn ọmọ ogun òyìnbó fi ìbọn wọlé, àmọ́ Lugard, olórí ìjọba òyìnbó ní Àríwá, ti ṣe ìlérí fún àwọn ẹ́míà pé òun kò ní í dí ẹ̀sìn wọn lọ́wọ́, ìlérí yẹn ni wọ́n sì di mú láti fi ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn míṣọ́nnárì nínú ìlú mùsùlùmí. Nígbà tí ilé ìwé ìjọba bẹ̀rẹ̀ ní Nassarawa, Kánò, lọ́dún 1909, Hanns Vischer ló dá a sílẹ̀, ọmọ Switzerland tó gba ìwé ọmọ ìlú Gẹ̀ẹ́sì, tó gbọ́ Haúsá débi pé Dan Hausa, ọmọ Haúsá, ni àwọn ará ìlú ń pè é. Èdè Haúsá ló fi kọ́ wọn, pẹ̀lú lẹ́tà òyìnbó. Gẹ̀ẹ́sì di ohun tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Kíkọ Haúsá ní lẹ́tà òyìnbó yìí ni wọ́n ń pè ní "boko". Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé "book" ti Gẹ̀ẹ́sì ló di boko. Paul Newman, onímọ̀ èdè Haúsá, fi hàn ní 2013 pé bẹ́ẹ̀ kọ́: ọ̀rọ̀ Haúsá gidi ni, ohun ayédèrú, ohun ẹ̀tàn, ló sì túmọ̀ sí ní ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tó bá gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò yóò mọ irú ojú tí Kánò fi wo ilé ìwé òyìnbó ní ìbẹ̀rẹ̀, kò sì ní í yà á lẹ́nu pé àwọn akọ̀wé láti Gúúsù ni rélùwéè, pósófíìsì àti ilé iṣẹ́ àwọn oyìnbó oníṣòwò gbára lé fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ìlérí Lugard kò dé Sabon Gari, nítorí wọn kò kà á mọ́ ìlú ẹ́míà. Nípa bẹ́ẹ̀, ìjọ ráyè kọ́ ilé ìwé síbẹ̀. Àwọn Áńgílíkà ní Holy Trinity, àwọn Àgùdà ní St Thomas, àwọn oníṣòwò ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ sì gbé ìjọ Onítẹ̀bọmi wọn dání bí wọ́n ṣe ń gbé ọjà wọn. Ti Ògbómọ̀ṣọ́ yìí ní ìtàn lẹ́yìn. T. J. Bowen, míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi ará Amẹ́ríkà tó gbé ìlú náà ní àárín ọdún 1850 sí 1860, ló kọ ìwé gírámà àti ìwé atúmọ̀ èdè Yorùbá tí àjọ Smithsonian tẹ̀ jáde ní 1858. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ṣáájú rẹ̀, ní 1843, ni Samuel Àjàyí Crowther ti tẹ àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá tirẹ̀ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù, ti Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá, ti Yorùbá sí Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn tó gun ọkọ̀ rélùwéè wá sí Kánò ti ń bọ̀ láti inú àṣà kan tó ti mọ bí a ṣe ń gbé ọ̀rọ̀ èdè méjì kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí ìkan ń tan iná sí èkejì.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí ọmọ kan ti mọ̀ kó tó wọ ilé ìwé rárá. Bí wọ́n bá rán an lọ ra ata lọ́jà Sabon Gari láyé owó òyìnbó, Gẹ̀ẹ́sì ti wà lẹ́nu rẹ̀ tí kò mọ̀. Kọ́bọ̀ lòun pè é, Haúsá tó ń ta ata pè é ní kwabo, àwọn méjèèjì sì ti "copper" bọ̀, bàbà tí wọ́n fi rọ owó náà. Ṣílè lẹ́nu Yorùbá, sule lẹ́nu Haúsá. Tọ́rọ́, taro. Sísì, sisi. Ọmọ náà ti mọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì mẹ́rin ó kéré tán, gbogbo rẹ̀ ló sì mọ̀ dájú, nítorí bí ó bá ṣi ọ̀kan mú fún ìkejì, ṣéńjì rẹ̀ kò ní í pé, ìyá rẹ̀ yóò sì béèrè.

Bí iṣẹ́ àwọn àgbà náà ṣe rí nìyẹn. Kánò di ìlú ẹ̀pà lẹ́yìn tí rélùwéè dé. Bí wọ́n ṣe ń to àpò ẹ̀pà jọ gògòrò di ohun tí gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí. Ẹ jẹ́ ká dúró níbi òṣùwọ̀n kan. Wọ́n gbé àpò ẹ̀pà kan sí i. Nọ́ńbà tó jáde, tòun tàpò, ni "gross". Ìwọ̀n àpò òfìfo ni "tare". Ẹ̀pà fúnra rẹ̀, lẹ́yìn tí a bá yọ ti àpò kúrò, ni "net". Ọ̀rọ̀ kúkúrú mẹ́ta ni, owó àgbẹ̀ sì wà nínú ìyàtọ̀ wọn. Akọ̀wé tí kò bá mọ ìyàtọ̀ náà kò ní í pẹ́ níbẹ̀. Ọmọ rẹ̀ tó gbé oúnjẹ ọ̀sán wá fún un, tó dúró tì í fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nígbà ogún, yóò sì fi ojú rí ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣe. Kò sí tíṣà tó lè fi ẹgba kọ́ ọ débẹ̀ yẹn.

Ilé ìwé ìgbà náà ní ọ̀nà tirẹ̀. Síléètì àti ẹfun ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ka ìwé mẹ́fà, tó gba sátífíkéètì Sítáńdáàdì Síìsì, ti di ẹni tó lè bèèrè iṣẹ́ lọ́wọ́ rélùwéè, nítorí náà àwọn òbí kò fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré. Ọ̀nà pàtàkì méjì ni wọ́n fi ń kó ọ̀rọ̀ sí ọmọ lórí: sípẹ́lì àti àpèkọ. Sípẹ́lì, orin ni. Gbogbo kíláàsì yóò máa pe lẹ́tà jáde ní ohùn kan, bí ìgbà tí àwọn ọmọ kéú ń ka wàláà lójúde kejì, àwọn ọmọ Sabon Gari a sì máa gbọ́ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Àpèkọ ló le. Tíṣà yóò ka gbólóhùn kan jẹ́jẹ́, yóò tún un kà, ọmọ yóò kọ ohun tó gbọ́.

Ohun tó gbọ́ yẹn ni wàhálà Sabon Gari. Yorùbá kò ní ohùn "v" àti "z". "P" wa náà, ohùn méjì tó ń jáde pọ̀ ni, kì í ṣe "p" ti Gẹ̀ẹ́sì. Haúsá ní "z", kò ní "v", "p" àti "f" sì ń gba ipò ara wọn lẹ́nu ọ̀pọ̀ ará Kánò. Ígbò ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nínú kíláàsì kan ṣoṣo, bí tíṣà bá pe "very poor zebra", ọmọ Yorùbá lè kọ "f" síbi "v", kí ó tún kọ "s" síbi "z". Ọmọ Haúsá lè kọ "f" síbi "p". Ọmọ Ígbò tó jókòó láàrin wọn kọ gbogbo rẹ̀ bó ṣe yẹ. Wọn kì í ṣe òmùgọ̀. Ohun tí etí kọ́kọ́ mọ̀ nílé ni ọwọ́ ń kọ. Tíṣà tó gbọ́n a máa to ọ̀rọ̀ tó ń rújú náà ní méjì-méjì sójú pátákó, "fan" àti "van", "sip" àti "zip", títí etí yóò fi là.

Ibi tí èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti pàdé wú ni lórí ju ibi tí wọ́n ti yà lọ. Yorùbá ní òun "gbọ́" òórùn. Bẹ́ẹ̀ ni Haúsá: "ji" ni ó fi ń gbọ́ ohùn, òun náà ni ó fi ń gbọ́ òórùn. Ígbò ní "nụ", ó fi ń gbọ́ ohùn àti òórùn pẹ̀lú. Ẹ tún wò ó: Yorùbá "gbọ́" Haúsá, bí a ti sọ nípa Vischer lókè, Haúsá náà ń "ji" èdè ẹlòmíràn, Ígbò ń "nụ" ú. Haúsá jìnnà sí Yorùbá àti Ígbò ní ìran, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ kan ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn fi ń ṣe iṣẹ́ tí Gẹ̀ẹ́sì fi "hear", "smell" àti "understand" ṣe. Jíjẹ náà nìyẹn. À ń jẹ oúnjẹ, à ń jẹ gbèsè, à ń jẹ oyè, à ń jẹ èrè. Haúsá ń "ci" oúnjẹ, ó ń "ci bashi" bó bá jẹ gbèsè, ó ń "ci nasara" bó bá borí. Gẹ̀ẹ́sì yóò wá "eat", "owe", "win", ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àpò tirẹ̀.

Nígbà tí ọmọ Sabon Gari bá kọ ọ́ sínú ìwé pé "I heard the smell of the soup", ìlà pupa ni tíṣà ń fà sábẹ́ rẹ̀. Ìlà pupa náà tọ́, àmọ́ kò tó. Bí tíṣà bá dúró ṣàlàyé pé ohun tí àwa fi "gbọ́" kan ṣe, àwọn pín in sí mẹ́ta, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló kó sọ́wọ́ ọmọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, pẹ̀lú ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbé. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ilé ìwé ló ti sọ èdè abínibí di ẹ̀ṣẹ̀. Wọ́n ń na ọmọ tó bá sọ ọ́ láàrin ọgbà, wọ́n ń bu owó ìtanràn lé e, wọ́n ń fi pátákó kọ́ ọ lọ́rùn. Àṣà yìí kò tíì tán nílẹ̀ wa, ó sì ń dùn mí pé àwọn tó ń ṣe é rò pé àwọn ń ran ọmọ lọ́wọ́. Ìmọ̀ tí ọmọ gbé wá láti ilé ni wọ́n ń tì sẹ́yìn ilẹ̀kùn, lẹ́yìn náà wọ́n ń bi í pé kí ló dé tí ọ̀rọ̀ kò fi dúró sí i lórí.

Ọ̀rọ̀ mélòó ló tiẹ̀ yẹ kí ọmọ mọ̀? Ẹnì kan ti jókòó kà á. Michael West, òyìnbó tó ń ṣe iṣẹ́ ẹ̀kọ́ ní Bengal nílẹ̀ Íńdíà, rí i pé àwọn ọmọ tó ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀ ń bá ọ̀rọ̀ tí wọn kò ní í tún rí mọ́ láéláé jà, nígbà tí èyí tó ń yọ lójú ewé gbogbo kò yé wọn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìwé kíkà tó fi ọ̀rọ̀ tó wọ́pọ̀ síwájú. Ní 1935, òun àti J. G. Endicott tẹ ìwé atúmọ̀ èdè kan jáde tó fi ọ̀rọ̀ 1,490 péré ṣàlàyé bíi 24,000. Ìyẹn ni pé ẹni tó bá mọ ẹgbẹ̀rún kan àti ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ti ní kọ́kọ́rọ́ sí gbogbo ìyókù. Ní 1953 ni ó wá to àwọn ọ̀rọ̀ tó wúlò jù, bíi 2,000, sínú àtòjọ kan. Nínú ọ̀rọ̀ márùn-ún tí ènìyàn bá rí nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì gbáàtúù, bíi mẹ́rin ló wà nínú àtòjọ yẹn. Ìwé West dé Nàìjíríà débi pé orúkọ rẹ̀ di orúkọ díkíṣọ́nárì fún ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́: "Mú Michael West wá." Lẹ́yìn rẹ̀ ni ti A. S. Hornby, tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ ní Tokyo ní 1942 fún àwọn ọmọ Japan, tí Oxford sì gbé jáde ní 1948. Ìwé méjèèjì, nítorí àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè ìyá wọn ni wọ́n ṣe kọ wọ́n, ìyẹn ló jẹ́ kí wọ́n bá ọmọ tiwa mu.

Ìgboro náà ní ìwé tirẹ̀. Lọ́dún 1949, Nnamdi Azikiwe gbé ìwé ìròyìn Comet kúrò ní Èkó wá sí Kánò. Bàbá tó ń ka ìwé ìròyìn sókè lójúde, ọmọ tó ń fetí sí i, ọ̀rọ̀ òṣèlú bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ilé: "motion", "amendment", "constituency".

Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀rọ̀ bíi mélòó kan dá ìjà sílẹ̀. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹta 1953, Anthony Enahoro ti ẹgbẹ́ Action Group dábàá ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Èkó pé kí Nàìjíríà gba ìjọba ara rẹ̀ ní 1956. Ahmadu Bello, Sardauna Ṣókótó tó ṣáájú àwọn aṣòfin Àríwá, ní kí wọ́n yọ 1956 kúrò, kí wọ́n fi "as soon as practicable" rọ́pò rẹ̀, ìyẹn nígbà tó bá ti ṣeé ṣe. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré, ni ilé bá dàrú. Àwọn èrò Èkó fi àwọn aṣòfin Àríwá ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tí ẹgbẹ́ Action Group fẹ́ rán àwọn aṣojú, tí Samuel Ládòkè Akíntọ́lá ṣáájú wọn, wá sí Kánò ní oṣù karùn-ún, rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀, Sabon Gari ló sì ṣe é jù. Ìjọba kà á pé ènìyàn 36 ló kú. Akíntọ́lá fúnra rẹ̀, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó lo ìgbà èwe rẹ̀ ní Minna nítorí òwò bàbá rẹ̀, gbọ́ Haúsá dáadáa. Irú ọmọ tí Sabon Gari ń bí náà ni.

Láyé wọn, Gẹ̀ẹ́sì ńlá jẹ́ ohun ìjà òṣèlú. Adégòkè Adélabú ti Ìbàdàn sọ ìwé tó kọ ní 1952 ní "Africa in Ebullition", bẹ́ẹ̀ "boiling" ì bá ṣe iṣẹ́ kan náà. Nígbà tó pe ọ̀rọ̀ kan ní "peculiar mess", àwọn èrò tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì mú un délé gẹ́gẹ́ bí pẹnkẹlẹmẹ́ẹ̀sì, ó sì di ọ̀rọ̀ Yorùbá títí dòní. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ràn irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Yíyin gírámà di eré ọwọ́ ọ̀sán. Mi ò dá wọn lẹ́bi. Ọmọ tó ń fi ọ̀rọ̀ ńlá ṣeré ti fẹ́ràn ọ̀rọ̀, ohun tí kò dára ni kí a fi í sílẹ̀ síbẹ̀.

Ìwé tó fún eré yẹn ní ìlànà ni Students' Companion tí Wilfred D. Best, olùkọ́ ará Trinidad, kọ. Kò sí ilé akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ kò ti lè bá a pàdé, ojú ewé rẹ̀ a máa wú, igun rẹ̀ a máa ká. Wọ́n to orúkọ ọ̀wọ́ ohun sínú rẹ̀: "flock" fún àgùntàn, "herd" fún màlúù, "swarm" fún oyin. Ọ̀pọ̀ ọmọ há a sórí bí ẹni ń há àdúrà, láìrántí pé Yorùbá ti sọ agbo àgùntàn àti ọ̀wọ́ ẹran fún wọn nílé, pé Haúsá tó ń da màlúù kọjá lẹ́bàá ilé wọn ti pe tirẹ̀ ní "garke". Ìwé tó sún mọ́ ọmọ wa jù ni ti Ìyáàfin Phebean Ògúndípẹ̀, ọmọ Ẹ̀sà-Òkè tí wọ́n bí ní 1927. Ní 1946, ìtàn kúkúrú tí wọ́n kọ gba ẹ̀bùn ìdíje British Council. Lẹ́yìn tí wọ́n di olùkọ́, wọ́n bá P. S. Tregidgo kọ Practical English, wọ́n sì wà lára àwọn tó kọ Brighter Grammar, ìwé tí ọ̀kẹ́ àìmọye ọmọ Nàìjíríà fi mọ ọ̀rọ̀ orúkọ yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ ìṣe. Ìyàtọ̀ wà nínú kí ẹni tó ti kọjá lójú ọ̀nà náà máa júwe rẹ̀ fún ọmọ.

Ọdún 1966 tú kíláàsì ká. Wọ́n pa àwọn Ígbò ní Kánò, àwọn tó kù sá lọ sí ìlà oòrùn, tíṣà àti akẹ́kọ̀ọ́ papọ̀, àga wọn ṣófo ní Sabon Gari. Lẹ́yìn ogun abẹ́lé, ní 1970, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í padà. Ìjọba gba ilé ìwé lọ́wọ́ àwọn ìjọ. Ní oṣù kẹsàn-án 1976, ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kó ọmọ wọ kíláàsì ju iye tíṣà tó wà nílẹ̀ lọ. WAEC, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1952, ti sọ kírẹ́díìtì Gẹ̀ẹ́sì di ẹnu ọ̀nà. JAMB dé ní 1978, ó sọ Gẹ̀ẹ́sì di dandan fún ẹni gbogbo tó fẹ́ wọ yunifásítì. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá kúrò lórí òṣùwọ̀n ẹ̀pà, ó di ohun tí à ń há sórí nítorí ọjọ́ kan, tí a sì ń gbàgbé ní ọjọ́ kejì rẹ̀.

Lásìkò yẹn gan-an ni ìdáhùn kan ń hù nílé. Ní oṣù kìíní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìdánwò kan ní ilé ìwé St Stephen's "A" ní Modákẹ́kẹ́. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, ìṣirò, sáyẹ́ǹsì, gbogbo rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì dá dúró gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan, tíṣà tó mọ̀ ọ́n dáadáa ló sì ń kọ́ wọn. Àwọn ọmọ kejì gba ọ̀nà àtijọ́, Yorùbá fún ọdún mẹ́ta, Gẹ̀ẹ́sì fún mẹ́ta yòókù. Àwọn tó fi Yorùbá kẹ́kọ̀ọ́ kò rẹ̀yìn nínú ohunkóhun, wọ́n sì ṣe dáadáa ju àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lọ nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́, Gẹ̀ẹ́sì pàápàá wà lára rẹ̀. Ọmọ tó mọ ohun tí "gígùn" àti "ìbú" jẹ́ kò ní wàhálà púpọ̀ lọ́dọ̀ "length" àti "breadth". Orúkọ tuntun ló kàn ń wá fún ojúlùmọ̀.

Ìwé òfin ń lọ, ó ń bọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí èdè abínibí jẹ́ èdè ìkọ́ni ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, kéde pé wọ́n ti fagi lé e, pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n máa lò láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì ní àbájáde ìdánwò tí kò dára ló fà á. Ẹni tó bá rántí Modákẹ́kẹ́ kò ní ṣàìkọminú.

Kánò náà ti kọjá Sabon Gari. Ìgboro ti fẹ̀ dé Tarauni, ìjọba ìbílẹ̀ tó ní Unguwa Uku gẹ́gẹ́ bí olú, tí ilé ìwòsàn ńlá tí wọ́n fi orúkọ Aminu Kano pè dúró sí lẹ́bàá títì Zaria. Ọmọ Yorùbá tó ń dàgbà níbẹ̀ lónìí ní ohun tí ọmọ akọ̀wé ayé rélùwéè kò ní: díkíṣọ́nárì wà nínú fóònù ìyá rẹ̀, ó lè tẹ ọ̀rọ̀ kan kí ó gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pè é. Ohun tí ọmọ akọ̀wé ní náà ṣì wà lójúde tirẹ̀, bí ẹnì kan bá lè fi hàn án. Tíṣà lè sọ pé kí ó kọ àròkọ lórí bó ṣe ń dé ilé ìwé láàárọ̀. Nǹkan ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan ló gbé e wá. Kẹ̀kẹ́ Màrúwà ni ìyá rẹ̀ pè é nígbà tí wọ́n wà ní Èkó. Awakọ̀ pè é ní "adaidaita sahu", ẹ tò ní ìlà kó gún, orúkọ tí Kánò fún un. Ọmọ Ígbò tí wọ́n jọ jókòó sẹ́yìn ní "Keke" ni. Ó gbé bírò sókè, ó wo ojú pátákó, ó ní kí tíṣà jọ̀ọ́ bá òun sípẹ́lì "tricycle".